Odindi Ọ̀rọ̀ Lórí Àwòrán Ẹ̀rọ

Àwọn baba wa ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Òtítọ́ ni èyí láàrin àwọn tí ń rí ara wọn. Àgbẹ̀ tí ó fẹ́ ọkọ́ tuntun a lọ bá alágbẹ̀dẹ. Bí irin náà bá nípọn jù, a wí, alágbẹ̀dẹ a sì dá a padà sínú iná. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti di pé ẹnìkan ń ya àwòrán ẹ̀rọ, tí ẹlòmíràn sì ń gbẹ́ irin rẹ̀ ní ibòmíràn, ìwé ni ó gba ipò ẹnu. Bí àwọn ará Bìrìtéènì ti kọ́ ìwé náà ní odindi ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ ní ṣókí.

Ní ọdún 1769 ni James Watt, ará Scotland, gba ìwé-àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí oru omi gbígbóná ń gbé ṣiṣẹ́. Lórí ìwé, ẹ̀rọ náà kò ní àbùkù. Nígbà tí ó dán an wò ní Kinneil, ihò sìlíńdà, èyíinì ni àgbá gbọọrọ tí pisitini ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú rẹ̀, kò rí róbótó déédéé. Oru ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pisitini, bí Watt tilẹ̀ fi àkísà àti bébà dí àlàfo náà. Àwọn oníṣẹ́ kò ya ọ̀lẹ. Irinṣẹ́ tí ó lè gbẹ́ ohun tí ó ní lọ́kàn ni kò sí.

Ní 1774, John Wilkinson gba ìwé-àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí ń lu ihò ìbọn ńlá. Láìpẹ́, òun ni ó ń gbẹ́ sìlíńdà fún Watt. Ní 1776, Matthew Boulton, alábàáṣe Watt, kọ̀wé pé èyí tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó 50 íǹṣì kò yẹ̀ níbi kankan tó ìnípọn owó ṣílè àtijọ́ kan. Ẹ kíyè sí i pé kò wí pé àṣìṣe kò sí. Ó wí bí àṣìṣe náà ti mọ, ó sì fi owó tí ẹnikẹ́ni lè ní lápò wọ̀n ọ́n.

Ṣùgbọ́n ṣílè kì í ṣe òṣùwọ̀n tí a lè kọ sára àwòrán. Fún ìgbà pípẹ́, “ó dín díẹ̀” àti “ó lé díẹ̀” ni èdè ilé-iṣẹ́. Joseph Whitworth ta ko èyí. Ní 1841 ó dábàá pé kí eyín àwọn bóòtù tí ìwọ̀n wọn dọ́gba jẹ́ irú kan náà níbi gbogbo. Ní 1857 ó rọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pé kí wọ́n pín íǹṣì sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, kí “díẹ̀” lè ní iye.

Nígbà tí ó yá, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í fi bí oníṣẹ́ ti lè lé tàbí dín tó hàn. Èyí ni mo pè ní ìyọ̀ǹda: àṣẹ tí a fún oníṣẹ́ ṣáájú, kì í ṣe ìdáríjì tí ó ń tọrọ lẹ́yìn iṣẹ́. Síbẹ̀, èdè-àìyédè kò tán. Bí a bá wí pé ihò kan lè yẹ̀ sí òsì tàbí ọ̀tún, sí òkè tàbí ìsàlẹ̀, ní ìwọ̀n kan náà, àyè onígun mẹ́rin ni a fún un. Bóòtù kò sì mọ igun. Bí ihò ti jìnnà sí ojú àárín tó ni ó kà sí. A ó gba ihò tí ó yẹ̀ dé igun, a ó sì kọ èyí tí ó yẹ̀ tààrà sí ọ̀tún ju ìwọ̀n náà lọ díẹ̀, bí ó tilẹ̀ sún mọ́ àárín ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Stanley Parker, ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe tọpídò, ohun ìjà abẹ́ omi, ní Alexandria ní Scotland, tú àléébù yìí fó ní nǹkan bí 1938, ó sì tẹ ìwé lórí rẹ̀ ní 1940, nígbà tí ogun ń jà. Ó ní kí àyè náà jẹ́ róbótó. Àyè róbótó tí ó gba orí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá fi ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ti onígun mẹ́rin lọ. Nínú ìdá yẹn ni irin tí ì bá wọ ibi rẹ̀ ti ń di ohun àkìtàn, tí a sì ń dá oníṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣẹ̀ lẹ́bi.

Nítorí náà, ẹni tí kò bá sọ iye àṣìṣe tí òun lè gbà ti gbé ẹrù ìrònú ara rẹ̀ ka orí oníṣẹ́. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tó fún ọmọlúwàbí tí a jọ jókòó. Ẹni tí a ń fi ìwé rán níṣẹ́, odindi ni kí a sọ fún un.