Ẹ̀kọ́ Àtijọ́ àti Ìyapa Ìjọ: Ìjọ Áńgílíkà Láti Abẹ́òkúta dé Jerúsálẹ́mù

Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn Sàró ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ogun ló kó wọn lẹ́rú, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, Freetown ní Sierra Leone sì ni wọ́n ti kàwé, tí wọ́n ti gba Jésù gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ sí Àgbádárìgì, tí wọ́n ń gòkè lọ sí Abẹ́òkúta, ni ẹ̀sìn náà ń bá wọn lọ, àwọn náà ló sì ránṣẹ́ pé kí àlùfáà tọ àwọn lẹ́yìn wá. Láàárín ìparí ọdún 1842 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1843, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti Church Missionary Society (C.M.S.), ẹgbẹ́ ajíyìnrere ìjọ Áńgílíkà, dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ olórí Ẹ̀gbá sì gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Ìwé Mímọ́ ni wọ́n gbé wá, pẹ̀lú òfin bí onígbàgbọ́ yóò ṣe gbé ilé rẹ̀.

Henry Venn ni akọ̀wé C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1841 títí di 1872, ìlànà méjì tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ló sì la ọ̀nà fún ohun gbogbo tó tẹ̀ lé e. Èkíní ni pé ìjọ ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ di èyí tí ń bọ́ ara rẹ̀, tí ń ṣàkóso ara rẹ̀, tí ń tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Ìlànà yìí ló bí ìfijoyè Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù ní Kàtídírà Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó dé ipò náà nínú ìjọ Áńgílíkà. Èkejì ni ìpinnu rẹ̀ pé ọkùnrin tó bá ní ju aya kan lọ kò gbọdọ̀ ṣe ìrìbọmi. Crowther fara mọ́ èkejì bó ṣe fara mọ́ èkíní. Nígbà tí odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá ní ọdún 1884, onígbàgbọ́ tó mọ̀wé lè ka ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, ó sì lè bi àlùfáà pé níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ní ọjọ́ ìdánwò onírìbọmi ni òfin ìgbéyàwó yìí ti máa ń dé ojú ọgbẹ́. Baálé ilé kan á ti wọ kíláàsì, á ti mọ Òfin Mẹ́wàá àti Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì lórí, kí wọ́n tó bi í ní iye aya tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, yóò ní láti mú ọ̀kan, kí ó sì tú méjì sílẹ̀, tọmọtọmọ, lójú àna tó ti gba owó orí. Ẹni tí kò bá lè ṣe é kì í sábà fi ìjọ sílẹ̀. Á máa jókòó sẹ́yìn, á máa dá owó ilé Ọlọ́run, àwọn ọmọ rẹ̀ á kàwé, òmíràn nínú wọn á di olùkọ́ tàbí àlùfáà, ṣùgbọ́n bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá dìde lọ síbi tábìlì Olúwa, òun á jókòó ní tirẹ̀. Irú wọn pọ̀ ní Èkó àti Abẹ́òkúta, àwọn gbajúmọ̀ ọlọ́rọ̀ sì wà lára wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Natal ní gúúsù Áfíríkà, Bíṣọ́ọ̀bù John William Colenso gbèrò ní ọdún 1855 pé kí ìjọ gba olóbìnrin púpọ̀ láìtú ilé rẹ̀ ká. Láti 1862, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìwé tó fi ń ṣiyèméjì sí ìtàn inú ìwé Mose márààrún. Bíṣọ́ọ̀bù Robert Gray ti Cape Town yọ ọ́ nípò, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ Ọbabìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù kéde pé ìyọnípò náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Rògbòdìyàn yìí wà lára ohun tó mú kí Archbishop Charles Longley ti Canterbury pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí ààfin Lambeth ní ọdún 1867. Bíṣọ́ọ̀bù 76 ló jẹ́ ìpè náà, Àpérò Lambeth sì fìdí múlẹ̀ láti ìgbà náà. Àpérò ti ọdún 1888 ló fi òǹtẹ̀ lu ìlànà kejì Venn. Ìbò 83 sí 21 ni wọ́n fi pinnu pé kí wọ́n má ṣe fún olóbìnrin púpọ̀ ní ìrìbọmi, nígbà tí ìbò 54 sí 34 gbà pé wọ́n lè ṣe ìrìbọmi fún àwọn aya rẹ̀ nígbà mìíràn.

Bí ìlànà kejì ṣe ń lágbára ni èkíní ń rọ. Venn ti kú ní ọdún 1873, àwọn òyìnbó ajíyìnrere tó dé lẹ́yìn náà sí Odò Ọya, níbi tí Crowther ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, kò sì ka àlùfáà adúláwọ̀ sí bí tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1890, ní ìpàdé ìgbìmọ̀ kan ní Onitsha, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ Crowther dúró lójú rẹ̀, bàbá arúgbó náà sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Kí ó tó kú, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún náà gan-an, àwọn onígbàgbọ́ kan ní Èkó ti dá United Native African Church sílẹ̀. Wọ́n ní adúláwọ̀ ni yóò wàásù fún adúláwọ̀, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn fún ọkùnrin tí ó ní ju aya kan lọ.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn ni ìyapa tó tóbi jù ṣẹlẹ̀. James Johnson, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí ẹni mímọ́ nítorí bó ṣe le tó lórí ìwà, ti jẹ́ àlùfáà St Paul's, Breadfruit, fún bí ogún ọdún. Nígbà tí wọ́n fi jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1900, tí Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell sì ní kí ó fi Breadfruit sílẹ̀, ìjọ kọ̀ jálẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1901, ọ̀pọ̀ nínú wọn dìde kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n sì dá ìjọ Bethel sílẹ̀, èyí tó di African Church. J. K. Coker, àgbẹ̀ olókòòwò ní Agége, wà lára àwọn òpó rẹ̀. Wọ́n mú Ìwé Àdúrà lọ, wọ́n mú orin lọ, wọ́n mú Bíbélì Crowther lọ. Ṣùgbọ́n wọn kò fi òfin ìyàwó kan de àwọn ọmọ ìjọ mọ́. Johnson fúnra rẹ̀, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jáde, kò bá wọn lọ, kò sì fara mọ́ ìkóbìnrinjọ títí tó fi kú.

Ìyapa tó tún tẹ̀ lé e gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn lukuluku ọdún 1918, ẹgbẹ́ aládùúrà kan jáde nínú St Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí Joseph Shadare jẹ́ aṣíwájú rẹ̀. Wọ́n kọ oògùn, wọ́n kọ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, nígbà tí àwọn alákòóso Áńgílíkà kò sì gbà fún wọn, wọ́n yà kúrò. Àwọn tó jáde lọ́tẹ̀ yìí ló di ìlànà mú le ju ìjọ tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Ìsọjí tí Joseph Ayo Babalola ṣe ní Òkè Ooye ní Iléṣà ní ọdún 1930 sọ ẹgbẹ́ náà di ọ̀pọ̀ èèyàn, láti inú rẹ̀ sì ni Christ Apostolic Church ti wá.

Nínú ìjọ Áńgílíkà tó kù, ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ ni àṣẹ ń bọ́ sí díẹ̀díẹ̀. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá dúró ní ọdún 1951. Ní oṣù Kejì ọdún 1979, Ìjọ Nàìjíríà di ẹkùn ara rẹ̀ pẹ̀lú dáyọ́sísì 16, Timothy Olufosoye sì di archbishop àkọ́kọ́. Àpérò Lambeth ọdún 1988 dẹ okùn tí ti 1888 so: wọ́n gbà kí olóbìnrin púpọ̀ ṣe ìrìbọmi pẹ̀lú àwọn aya rẹ̀, bí ó bá lè ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn mọ́. Lábẹ́ Archbishop Joseph Abiodun Adetiloye, wọ́n fi bíṣọ́ọ̀bù ajíyìnrere mẹ́jọ joyè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọdún 1990, wọ́n sì rán wọn lọ sí Òkè Ọya. Bí ìjọ ṣe ń kún ní Nàìjíríà ni tàwọn tó mú ẹ̀sìn wá ń gbẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọdún 1998 ni ìyàtọ̀ yìí hàn nínú ìbò. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù péjọ sí Canterbury, ọ̀rọ̀ tó gba iwájú sì ni ìbálòpọ̀ láàárín akọ sí akọ àti abo sí abo, èyí tí àwọn kan ní ìwọ̀-oòrùn ayé fẹ́ kí ìjọ fọwọ́ sí. Lójú àwọn akọ̀ròyìn, Bíṣọ́ọ̀bù Emmanuel Chukwuma ti Enugu na ọwọ́ sí orí Richard Kirker, díákónì tó ń ṣe aṣojú ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni tó fara mọ́ irú ìbálòpọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń gbàdúrà pé kí ẹ̀mí náà fi í sílẹ̀. Kirker dáhùn pé kí Ọlọ́run bù kún un, kó sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀tanú. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, ìbò 526 sí 70 ni wọ́n fi gba Ìpinnu 1.10, tó ní ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni ìgbéyàwó wà fún, pé irú ìbálòpọ̀ yẹn kò bá Ìwé Mímọ́ mu, àti pé kí ìjọ máa tẹ́tí sí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù láti Áfíríkà àti Éṣíà pọ̀ lára àwọn tó gbé ìpinnu náà dúró.

Àpérò Lambeth kò ní agbára òfin lórí ẹkùn kankan. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 2003, ìjọ Episcopal, ẹkùn Áńgílíkà ti Amẹ́ríkà, fi Gene Robinson, ẹni tó ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbangba, jẹ bíṣọ́ọ̀bù New Hampshire. Ìròyìn Windsor ti ọdún 2004 rọ àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà láti dáwọ́ irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró, ó sì rọ àwọn ẹkùn yòókù kí wọ́n má ṣe wọ ààlà ẹlòmíràn. Ìmọ̀ràn náà kò parí ìjà láàárín ìhà méjèèjì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, Sínóòdù Àgbà Ìjọ Nàìjíríà tún òfin rẹ̀ kọ: níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ìdàpọ̀ pẹ̀lú Canterbury ni ìjọ náà wà, wọ́n kọ ọ́ pé ìdàpọ̀ pẹ̀lú àwọn tó bá di ìgbàgbọ́ àtijọ́ mú ni.

Ẹni tó wà nípò archbishop nígbà náà ni Peter Akinola, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní ọdún 1944, tó ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà kó tó di àlùfáà. Ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà ló ti gba oyè ìjìnlẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ Ọlọ́run, ní ọdún 1981. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, àwọn ìjọ àtijọ́ ní Virginia yìí kan náà, Truro àti The Falls Church lára wọn, dìbò láti kúrò lábẹ́ ìjọ Episcopal, kí wọ́n sì wá sábẹ́ Nàìjíríà. Archbishop Rowan Williams ti Canterbury bẹ Akinola pé kó má lọ. Ó lọ, ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2007 ó sì fi Martyn Minns sórí àga gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù wọn ní ìlú Woodbridge. Ẹjọ́ ohun ìní tẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé ẹjọ́ sì dá ilé ìjọsìn padà fún dáyọ́sísì. Àwọn ọmọ ìjọ kó jáde lọ bẹ̀rẹ̀ ní ibòmíràn.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2008, ó lé ní 1,000 ènìyàn, bíṣọ́ọ̀bù 291 lára wọn, tó péjọ sí Jerúsálẹ́mù fún àpérò tí wọ́n pè ní GAFCON. Ìkéde tí wọ́n ṣe níbẹ̀ gbé Bíbélì ṣáájú, ó sì tún di Abala Mọ́kàndínlógójì ti ìgbàgbọ́ Áńgílíkà àti Ìwé Àdúrà ọdún 1662 mú. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Nàìjíríà kò lọ sí Lambeth. Ọdún 2009 ni wọ́n dá ìjọ tuntun sílẹ̀ fún àwọn tó ti kúrò nínú Episcopal ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Nígbà tí ìjọ Episcopal fọwọ́ sí ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo ní ọdún 2015, àwọn archbishop àgbáyé fi ìyà díẹ̀ jẹ ẹ́ ní ọdún 2016, ṣùgbọ́n kò yí padà.

Títí di ìgbà náà, Amẹ́ríkà ni ìjà náà pọ̀ sí jù. Ọdún 2023 ló gbé e dé ilé ìyá. Ní oṣù Kejì, Sínóòdù Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdúrà ìbùkún fún akọ àti akọ, abo àti abo. Láàárín oṣù náà, àwọn archbishop kan láti gúúsù ayé kéde pé àwọn kò ka Justin Welby, Archbishop Canterbury nígbà náà, sí olórí mọ́, GAFCON tó péjọ sí Kigali ní oṣù Kẹrin sì sọ irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, wọ́n dárúkọ Sarah Mullally gẹ́gẹ́ bí Archbishop Canterbury tuntun, obìnrin àkọ́kọ́ tí ipò náà kàn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí GAFCON fi kéde pé Bíbélì nìkan ni ìpìlẹ̀ ìdàpọ̀, pé àwọn kò sì ní lọ́wọ́ sí Àpérò Lambeth tàbí ìpàdé tí Canterbury bá pè mọ́. Àwọn tó jáde ní Breadfruit ní ọdún 1901 wá orúkọ tuntun fún ara wọn. Àwọn ti ọdún 2025 kò sọ pé àwọn jáde. Wọ́n ní àwọn gan-an ni Ìdàpọ̀ Áńgílíkà.