Pọ̀tẹ́ńṣà nínú Ìdọ́gba Ooru
Nínú ìdọ́gba ooru, èyí tó ń sọ bí ooru ṣe ń tàn káàkiri nínú nǹkan, tí Joseph Fourier ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1822, pọ̀tẹ́ńṣà ni òǹkà tí wọ́n ń fi kún un láti sọ bí ibì kọ̀ọ̀kan lára nǹkan ṣe ń pàdánù ooru tàbí ṣe ń dá a fúnra rẹ̀; orúkọ àyálò láti inú físíìsì ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ bá iṣẹ́ yìí mu. Láìsí pọ̀tẹ́ńṣà, bí wọ́n bá ki orí méjèèjì ọ̀pá irin gbígbóná bọ yìnyín, bó ti wù kí ooru rẹ̀ kọ́kọ́ rí ségesège tó, ìrísí kan ṣoṣo ni yóò kù nígbẹ̀yìn, tó ga láàárín, tó sì rẹlẹ̀ létí. Bí pọ̀tẹ́ńṣà bá wà, òun ni yóò pinnu ibi tí góńgó náà yóò bọ́ sí àti bí ooru náà yóò ṣe tètè tán.