Iná Lọ, Gángan Kò Dákẹ́: Bí Orin Jùjú Ṣe Jáde Sí Ìta Gbangba

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé láti ayé àwọn baba ńlá wa ni orin jùjú ti wà, pàápàá nítorí ìlù gángan tó máa ń dún nínú rẹ̀. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Orin jùjú kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, gángan kò sì bá a dáyé. Inú ilé ni orin náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ló gbé e jáde síta.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Èkó, ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1939. Túndé King, tí wọ́n bí ní 1910, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú orin yìí gbajúmọ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ju ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ: bánjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìlù pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ń pè ní jùjú, àti ohùn ènìyàn. Ní 1936, ilé iṣẹ́ Parlophone gba orin rẹ̀ sílẹ̀ sínú àwo. Ní pálọ̀ ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń ṣeré, níbi ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó tàbí àìsùn òkú. Bí gángan bá dún níbẹ̀, ta ni yóò tún gbọ́ bánjò? Ta ni yóò gbọ́ olórin?

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè wọlé dé sọ́wọ́ àwọn olórin. Àyìndé Bákàrè, tó ti ń gbé àwo jáde láti 1937, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lo gìtá oníná. Ní àsìkò kan náà, ní nǹkan bí ọdún 1948, gángan wọ inú orin jùjú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kòńgẹ́ lásán. Nígbà tí gìtá àti ohùn ti rí ẹ̀rọ gbé wọn sókè, àyè gba onílù. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rọ òyìnbó ló ṣílẹ̀kùn fún ìlù àwọn ọmọ Àyàn!

Láti ibẹ̀ ni orin náà ti fẹjú. I. K. Dáíró dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1957, ó fi akọ́díọ̀nù kún un, ó sì gba oyè MBE ní 1963. Sunny Adé, ọmọ ìdílé ọba ní Oǹdó tí wọ́n bí ní Òṣogbo ní 1946, kó gìtá àti gángan jọ sórí ìtàgé, títí Island Records fi gbé àwo Juju Music rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé ní 1982.

A fojú ara wa rí ìtàn yìí ní Ìjàre, ìlú tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, níbi tí a ti lọ wo eré orin lórí pápá ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Orin ti wọra nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kú. Gìtá dákẹ́. Máíkì dákẹ́. Kíbọ́ọ̀dù náà dákẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn onígángan méjì kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láàrin èrò, àwọn ìyá tó jókòó níwájú gba orin náà lẹ́nu olórin, ijó sì ń lọ títí epo fi dé.

Ohun tó ká wa lára ni pé irú onílù bẹ́ẹ̀ ń dín kù lóde àríyá. Olórin kan, kíbọ́ọ̀dù kan, ó parí. Inú kíbọ́ọ̀dù náà ni ìlù wà. A mọ̀ pé owó kò sí, ẹgbẹ́ olórin mẹ́wàá kò sì rọrùn láti bọ́. A kò sì sọ pé kí a lé ẹ̀rọ dànù, nítorí láìsí ẹ̀rọ, gángan ì bá má wọ inú jùjú rárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó fi àyè gba onílù nígbà náà ló ń gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò eré, bí owó yín bá mọ níwọ̀n, ẹ fi onígángan kan ṣoṣo kún un. Lọ́jọ́ tí iná bá lọ, òun ni kò ní jẹ́ kí àwọn èèyàn yín túká.