Kíjìpá: Aṣọ Ìbora Tí Ọwọ́ Obìnrin Hun

Àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé: "Kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, òfì laṣọ àgbà, àgbà tí kò ní òfì, kí ó rọ́jú ra kíjìpá." Òwe náà dùn létí, ṣùgbọ́n ìtàn fi hàn pé ó rẹ́ kíjìpá jẹ.

Oríṣi òfì méjì ni àwọn baba ńlá wa ń lò. Òfì ọkùnrin wà ní ìdùbúlẹ̀; aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ń mú jáde, ìbú rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Lára rẹ̀ ni sányán, àlàárì àti ẹtù ti jáde. Òfì obìnrin wà ní òòró. Ara ògiri ilé ni a ń gbé e tì. Aṣọ tirẹ̀ fẹ̀: bí a bá rán ìbú méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, ó di ìró tàbí aṣọ ìbora. Èyí ni kíjìpá. Ó nípọn, ó ń gbani lọ́wọ́ ọyẹ́, kì í sì í tètè gbó. Obìnrin ni ó ń yọ kóró òwú, tí ó ń ran án, tí ó ń rẹ ẹ́ sínú aró ẹ̀lú, kí ilà dúdú àti funfun lè yọ lára aṣọ.

Lórí irú òfì òòró bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ti ń hun aṣọ olónà, tí àwòrán ọ̀nì àti ọ̀pọ̀lọ́ wà lára rẹ̀. Àwọn olóyè àti ọmọ Òṣùgbó ni ó ń fi í lé èjìká. Ẹni tí ó wọ kíjìpá ni òwe ń bú. Ẹni tí ó hun ún kì í ṣe ọ̀lẹ rárá.

Kí ni ó wá pa á run? Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, aṣọ ilé-iṣẹ́ òkèèrè pọ̀ sí i lọ́jà. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó. Ó gba Agége, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì ń kó ọjà òkèèrè wọ inú ilẹ̀. Òfì ọkùnrin rí ayẹyẹ rọ̀ mọ́: títí di òní, aṣọ òkè kò wọ́n lóde ìgbéyàwó ní Ìkòtún àti Ẹ̀gbẹ́dá. Ṣùgbọ́n kò sí ayẹyẹ tí a ń ṣe fún aṣọ ìbora.

Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìgándò àti gbogbo Alímọ̀ṣọ́, ẹ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹ àpótí ìyá àgbà wò. Kí wọ́n ka ojú ìrán aṣọ. Bí ó bá jẹ́ ìbú tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀, òfì ọkùnrin ni. Bí ó bá jẹ́ ìbú fífẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n béèrè orúkọ obìnrin tí ó hun ún, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.