Ìtàn bí kọ̀ǹpútà ṣe ń gba ètò tí ń darí rẹ̀

Bí kọ̀ǹpútà ti wù kó lẹ́wà tó, bí kò bá ní ètò tí ń darí rẹ̀, àpótí lásán ni. Ètò bíi Windows tàbí Linux ló ń mú kí ó lè kọ̀wé, kí ó sì tọ́jú ohun tí a fún un. Báwo ni ètò náà ṣe ń wọ inú ẹ̀rọ? Ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Ní ọdún 1971, ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé díìsìkì rírọ̀ jáde. Ínṣì 8 ni fífẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣe é kí àwọn ẹ̀rọ ńlá wọn lè máa rí ètò wọn kà nígbà tí a bá tàn wọ́n. Bí ọdún ti ń lọ, díìsìkì ń kéré sí i, ṣùgbọ́n ètò ń tóbi sí i. Nígbà tí Windows 95 jáde ní 1995, díìsìkì 13 ni ẹni tí kò ra ti CD ń gbà. Yóò jókòó ti ẹ̀rọ, yóò máa yọ ọ̀kan, yóò máa ki òmíràn bọ̀ ọ́.

Ẹni tó ní ẹ̀rọ kan lè fara dà á. Ẹni tó ní 100 ńkọ́? Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yóò béèrè pé: èdè wo? ìlú wo? orúkọ wo? Nítorí náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n fi kọ gbogbo ìdáhùn sínú ìwé kan, kí ẹ̀rọ máa kà á fúnra rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Red Hat pe tiwọn ní Kickstart. Ní 1999, Thomas Lange bẹ̀rẹ̀ FAI ní Yunifásítì Cologne ní Jámánì.

Ní ọdún 2000, IBM àti Trek ti ilẹ̀ Singapore bẹ̀rẹ̀ sí ta ohun kékeré tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní clé USB. Lónìí, ètò àti ìwé ìdáhùn lè jọ wà lórí rẹ̀. A ó kì í bọ ẹ̀rọ, a ó tan ẹ̀rọ náà, a ó sì lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o! Lára ìbéèrè náà ni èyí: ṣé kí n pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ́? Ìwé ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ tó débẹ̀. Bí ẹnìkan bá gbàgbé clé náà sára ẹ̀rọ tó ní àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ nínú, tí ẹ̀rọ náà sì ń kọ́kọ́ wo ibẹ̀ bí a bá tàn án, àkọsílẹ̀ náà lè parẹ́ láìsí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ sára clé bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ ọ́ bí iṣẹ́ bá ti parí. Kí ẹ tó lò ó, ẹ kọ́kọ́ da ohun tí ẹ fẹ́ràn kọ síbòmíràn. Ẹ̀rọ lè dáhùn fún wa, ṣùgbọ́n àwa la ó ronú.