Ìtàn Ìbàjẹ́ Afẹ́fẹ́ ní Ìlú Èkó àti ní Agbègbè Alímọ̀ṣọ́

Ìbàjẹ́ afẹ́fẹ́ ni kí èéfín, gáàsì olóró tàbí eruku pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí débi tí yóò fi pa á lára. Ọ̀ràn náà ti pẹ́ láyé: ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, èéfín èédú dàpọ̀ mọ́ kùrukùru lórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù fún ọjọ́ márùn-ún, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, èyí tó mú kí ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní 1956.

Ní Èkó, ọkọ̀ ló sọ ọ̀ràn náà di ńlá. Nígbà tí owó epo rọ̀bì wọlé wọ̀ǹtìwọnti lẹ́yìn 1970, ọkọ̀ kún ojú pópó, bẹntiróò ìgbà náà sì ní òjé nínú, ìyẹn irin olóró tí àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tà pọ̀ mọ́ epo ní 1923 kí ẹ́ńjìnnì lè ṣiṣẹ́ geere, ṣùgbọ́n tó máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní oṣù Kẹfà 2001, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà fẹnu kò ní ìlú Dakar láti mú òjé kúrò nínú epo, nígbà tí 2006 sì fi bẹ̀rẹ̀, ó ti kúrò. Ohun tó mú un yọrí ni pé orísun epo ni wọ́n tún ṣe, wọn kò di ẹrù náà lé awakọ̀ lórí.

Èéfín ẹ̀rọ amúnáwá kò rí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Alímọ̀ṣọ́, tí ìkànìyàn 2006 fi hàn pé ó ní ju 1,200,000 ènìyàn lọ, ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Bí iná ọba bá lọ lálẹ́ ní Ṣáṣá tàbí Ẹgbẹ́dá, ọ̀pọ̀ ilé a fa okùn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-pass-my-neighbour, tí wọ́n ń po ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mọ́ bẹntiróò rẹ̀, tó sì máa ń tú èéfín aláwọ̀ búlúù jáde lẹ́bàá fèrèsé yàrá tí ọmọdé sùn sí. Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan: ní Ìgàndò, ní Alímọ̀ṣọ́ kan náà, ààtàn Solous kò jìnnà sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba Alímọ̀ṣọ́. Pàǹtírí tó ń jẹrà nísàlẹ̀ irú ààtàn bẹ́ẹ̀ a máa mú gáàsì tó tètè ń gbaná jáde, bó bá sì ràn, ike àti rọ́bà a jó pọ̀ mọ́ ọn.

Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tó ń bójú tó àyíká sílẹ̀ ní 1988, lẹ́yìn tí wọ́n rí pàǹtírí olóró tí wọ́n kó wá láti Ítálì sí ìlú Kókò. Síbẹ̀, ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní 2020 ṣírò pé afẹ́fẹ́ búburú pa nǹkan bí 11,200 ènìyàn láìtọ́jọ́ ní Èkó ní 2018, àti pé àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìwádìí náà dárúkọ ọkọ̀, ilé iṣẹ́ ńlá àti ẹ̀rọ amúnáwá gẹ́gẹ́ bí orísun pàtàkì.

Ìtàn òjé fi ọ̀nà hàn. Òfin tó bá dẹ́bi fún onílé tó tan ẹ̀rọ nínú òkùnkùn kò lè fọ afẹ́fẹ́ Alímọ̀ṣọ́ mọ́. Iná ọba tó dúró déédéé, ọkọ̀ èrò tó yè kooro àti ààtàn tí wọ́n ń bójú tó ló lè ṣe é, ojúṣe ìjọba sì ni gbogbo wọn.