Irin, Ìwé àti Ìgbẹ́kẹ̀lé: Owó Àtijọ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Skọ́tláńdì àti Írẹ́láńdì gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rìí Ìtàn

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn tí ń ṣàkójọ owó àtijọ́ mu rẹ́gí. Owó tí ọjà ń gbà kọ́ ni wọ́n ń wá kiri, bí kò ṣe èyí tí ọjà ti kọ̀: fàdákà tí orí ọba ti pa rẹ́ lára rẹ̀, idẹ tí kò ra iyọ̀ mọ́, ìwé tí báǹkì tí ó tẹ̀ ẹ́ jáde ti di ohun ìgbàgbé.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ ní àwọn erékùṣù Bìrìtìkó. William Hunter, ọmọ Skọ́tláńdì tí ó ṣe oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù títí ó fi kú ní ọdún 1783, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó àtijọ́ jọ, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ fún Yunifásítì Glasgow. Ní ọdún 1807 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún aráyé. Sarah Sophia Banks, obìnrin tí ó kú ní ọdún 1818, ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àsìkò tí wọ́n ka irú ìmọ̀ yìí sí ti ọkùnrin nìkan. Púpọ̀ nínú ohun tí ó kó jọ ló wà ní British Museum lónìí. Ní ọdún 1836, àwọn onímọ̀ owó dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni iṣẹ́ yìí fẹ́ tú wò: kí ni ó ń sọ irin tàbí ìwé di owó? Àwọn kan á ní ìwọ̀n fàdákà tàbí wúrà inú rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn á ní orí ọba tí ó wà lára rẹ̀ ni. Ẹ̀rí tí ó wà nínú àpótí àwọn olùṣàkójọ owó kò fi gbogbo ara gbe èyíkéyìí nínú èrò méjèèjì yìí.

Ìgbà tí Ìwọ̀n Jẹ́ Iye

Fàdákà pẹlẹbẹ kékeré ni owó tí ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọba Offa ti Mercia, tí ó jọba láti ọdún 757 sí 796, wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Òun ni penny, tí àwọn Yorùbá wá ń pè ní kọ́bọ̀ nígbà tí ó yá. Méjìlá rẹ̀ ló ń jẹ́ ṣílè kan, ogún ṣílè sì ń jẹ́ pọ́n-ùn kan. Èyí ni pé 240 kọ́bọ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn. Orúkọ pọ́n-ùn yìí gan-an fi hàn pé ìwọ̀n ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ìwọ̀n pọ́n-ùn fàdákà kan ni wọ́n ń pín sí 240. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ra ohun tí kò tó kọ́bọ̀, wọn a gé owó náà sí méjì tàbí sí mẹ́rin lójú ilà àgbélébùú tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọdún 1279 ni Ọba Edward Kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ààbọ̀ kọ́bọ̀ àti ìdámẹ́rin kọ́bọ̀ olóbìírí.

Ṣùgbọ́n níbi tí ìwọ̀n bá ti jẹ́ iye, ibẹ̀ ni olè ti ń ṣọ́ ìwọ̀n. Àwọn aráàlú ń rẹ́ etí owó láti jí fàdákà rẹ̀. Àwọn ọba náà kò sì gbẹ́yìn. Láti ọdún 1544 ni Ọba Henry Kẹjọ ti ń lu fàdákà owó rẹ̀ pọ̀ mọ́ bàbà. Fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo owó náà a máa kọ́kọ́ ṣí kúrò lórí imú ọba, nítorí imú ni ó yọ jù lára àwòrán, bàbà a sì yọjú. Àwọn ènìyàn sọ ọba náà ní Onímú-Bàbà. Ọmọ rẹ̀, Elizabeth Kìn-ín-ní, ló kó owó burúkú wọ̀nyí kúrò nílẹ̀ ní ọdún 1560 sí 1561. Nígbà tí ẹ̀rọ wá rọ́pò òòlù ní ọdún 1662, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Látìn sí etí owó ńlá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀ṣọ́ àti ààbò. Ẹni tí ó bá rẹ́ etí owó bẹ́ẹ̀ kò lè fi pamọ́.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1663, ni gínì dé. Orúkọ etíkun Guinea ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n fi pè é, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti kó lára wúrà rẹ̀ wá. Àwòrán erin wà lábẹ́ orí ọba lára àwọn kan nínú rẹ̀. Àmì ẹgbẹ́ oníṣòwò Áfíríkà tí ó kó wúrà náà wá ni erin yìí, ẹgbẹ́ náà sì ni ó ń kó ẹrú la òkun kọjá. Ẹni tí ó bá mú gínì elérin lọ́wọ́ kò mú wúrà nìkan dání.

Owó Ìbọn Ọba James

Írẹ́láńdì ni ẹ̀kọ́ tí ó korò jù ti wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1688, Ọba James Kejì sá kúrò lórí ìtẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù Kẹta ọdún 1689 ó gúnlẹ̀ sí Írẹ́láńdì láti ibẹ̀ jà padà sí ìtẹ́. Ó ní ọmọ ogun, ṣùgbọ́n kò ní fàdákà tí yóò fi san owó wọn. Ó wá pàṣẹ kí wọ́n kó ìbọn àgbá tí ó ti bàjẹ́, agogo tí ó ti sán àti ìkòkò idẹ jọ, kí wọ́n yọ́ wọn, kí wọ́n sì fi rọ owó ní Dublin àti Limerick. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní owó ìbọn.

Ọba ṣe ìlérí pé bí òun bá padà sórí ìtẹ́, òun yóò fi fàdákà gidi pààrọ̀ rẹ̀. Kí ìpààrọ̀ náà lè lọ létòlétò ni wọ́n ṣe kọ oṣù pẹ̀lú ọdún sí ara owó kọ̀ọ̀kan. Oṣù yìí ni ó ń dùn mọ́ àwọn olùṣàkójọ owó jù. Ẹlòmíràn a fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ẹyọ kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á rí èyí tí a kọ oṣù Kẹta 1689 sí, wọ́n á sì rí èyí tí a kọ oṣù Kẹta 1690 sí, bẹ́ẹ̀ oṣù kan náà ni méjèèjì, nítorí ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, tí àwọn kan sì ti ń kà á láti oṣù Kìn-ín-ní.

Ìlérí náà kò ṣẹ. Ní oṣù Keje ọdún 1690, William Kẹta ṣẹ́gun James ní odò Boyne, James sì tún sá lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ọba tuntun pàṣẹ pé ẹyọ ńlá tí iye rẹ̀ jẹ́ ṣílè méjì ààbọ̀, tí í ṣe 30 kọ́bọ̀, ti di kọ́bọ̀ kan péré. Oníṣòwò tí ó ta màlúù rẹ̀ gba idẹ jí lówurọ̀ ọjọ́ kan ó rí i pé ìkòkò fífọ́ ni òun tà á fún. Irin kan náà ni lálẹ́ àná, irin náà ni lówurọ̀. Ohun tí ó yí padà kò sí nínú irin.

Bàbà Tí Wọ́n Kọ̀

Bí ẹnì kan bá rò pé idẹ ni ó fa ìyà wọ̀nyí, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1722, oníṣòwò irin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ William Wood gba àṣẹ láti rọ ààbọ̀ kọ́bọ̀ àti ìdámẹ́rin kọ́bọ̀ bàbà fún Írẹ́láńdì. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí ó jẹ́ àyànfẹ́ ọba ni ó ti fi owó ra àṣẹ náà. Wọn kò bi ìgbìmọ̀ aṣòfin Írẹ́láńdì léèrè. Isaac Newton, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé ìrọwó ọba, yẹ bàbà náà wò ní ọdún 1724, ó sì jẹ́rìí pé ó dára.

Síbẹ̀ àwọn ará Írẹ́láńdì kọ̀ ọ́. Jonathan Swift, àlùfáà àgbà ní Dublin, fi ara pamọ́ sẹ́yìn orúkọ aláṣọ kan, ó kọ àwọn lẹ́tà tí ó ń gba ọlọ́jà níyànjú pé kí wọ́n má ṣe tẹ́wọ́ gba owó náà. Ìjọba ṣe ìlérí 300 pọ́n-ùn fún ẹni tí yóò tú àṣírí òǹkọ̀wé lẹ́tà kẹrin. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ́wọ́. Ní ọdún 1725 wọ́n fagi lé àṣẹ Wood. Bàbà rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò di owó, nítorí àwọn tí yóò ná an kò fọwọ́ sí i.

Ìwé Tí Wọ́n Gbà

Ní Skọ́tláńdì, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Láti nǹkan bí ọdún 1136 ni Ọba David Kìn-ín-ní ti rọ owó àkọ́kọ́ ti ilẹ̀ náà. Iye rẹ̀ ń já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi jẹ́ pé ní ọdún 1603, pọ́n-ùn Skọ́tláńdì méjìlá ló ń ra pọ́n-ùn Gẹ̀ẹ́sì kan. Nígbà tí ilẹ̀ méjèèjì para pọ̀ ní ọdún 1707, wọ́n tún owó fàdákà Skọ́tláńdì rọ ní Edinburgh, wọ́n sì fi lẹ́tà E sábẹ́ orí Ọbabìnrin Anne. Ní ọdún 1709 iṣẹ́ náà parí, ilé ìrọwó Edinburgh kò sì rọ owó mọ́.

Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún wọn ni ìwé. Ọdún 1695 ni wọ́n dá Bank of Scotland sílẹ̀, Royal Bank of Scotland sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1727. Ìwé pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí àwọn báǹkì wọ̀nyí ń tẹ̀ di ohun tí àgbẹ̀ àti oníṣòwò fọkàn tán ju wúrà lọ. Nígbà tí ìjọba Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ fòfin de ìwé owó tí kò tó pọ́n-ùn márùn-ún ní ọdún 1826, òǹkọ̀wé Walter Scott fi orúkọ àdàpè kọ lẹ́tà mẹ́ta sínú ìwé ìròyìn láti takò ó. Ìjọba ṣẹ́rí padà, ìwé pọ́n-ùn kan sì dúró ní Skọ́tláńdì. Àwòrán Scott wà lára owó Bank of Scotland títí di òní.

Ẹ̀rù ni irú ìwé kan náà dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1797, ogun Faransé mú kí Bank of England dáwọ́ fífi wúrà pààrọ̀ ìwé dúró, ó sì tẹ ìwé pọ́n-ùn kan àti méjì jáde. Ìwé náà rọrùn láti ṣe ayédèrú rẹ̀, ikú sì ni ìjìyà ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀. Ó lé ní 300 ènìyàn tí wọ́n yẹgi fún kí wọ́n tó padà sí wúrà ní ọdún 1821. Ní ọdún 1819, ayàwòrán George Cruikshank ya ìwé owó ẹ̀fẹ̀ kan tí àwọn òkú tí ó rọ̀ sórí igi kún inú rẹ̀. Àwọn olùṣàkójọ ń wá ìwé ẹ̀fẹ̀ yìí lójú méjèèjì, wọ́n sì ń tọ́jú ayédèrú ìgbà náà pẹ̀lú, nítorí ẹnì kan lè ti kú lórí rẹ̀.

Ojúṣe Olùṣàkójọ

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òfin àkọ́kọ́ fún ẹni tí ń ṣàkójọ owó ni pé kí ó má ṣe fọ̀ ọ́, kí ó má ṣe dán an. Àwọ̀ dúdú tí ó bo fàdákà jẹ́ ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi eérú tàbí ọṣẹ bó o ti ba ẹ̀rí náà jẹ́, iye rẹ̀ yóò sì já. Etí owó ni wọ́n ń fi ọwọ́ mú, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ní ti ìwé, wọ́n ń wo ojú ìṣẹ́po, nọ́ńbà àti ìbuwọ́lù ọ̀gá báǹkì.

Òfin kejì ni pé kí ó bi owó léèrè ibi tí ó ti wá. Ní Skọ́tláńdì, ti ìjọba ọba ni ohun àtijọ́ tí a bá wú nínú ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1996 sọ ọ́ di dandan kí ẹni tí ó bá rí ìṣúra kéde rẹ̀. Owó tí wọ́n hú lóru tí wọ́n sì tà ní kọ̀rọ̀ ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nù, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ilé, ojúbọ tàbí ojú ogun tí ó sùn sí.

Bí Owó Wọ̀nyí Ṣe Kan Ilẹ̀ Yorùbá

Kì í ṣe ìtàn àjèjì pátápátá ni èyí. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, owó fàdákà Gẹ̀ẹ́sì gbilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹyọ. Owó ẹyọ náà kì í ṣe irin, kì í sì í ṣe ìwé. Ìkarawun inú omi ni, àdéhùn àwọn ọlọ́jà ni ó sọ ọ́ di owó. Ní ọdún 1912, ìjọba gbé àjọ kan kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí yóò máa bójú tó owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀nínì, tí í ṣe ìdámẹ́wàá kọ́bọ̀, ní ihò láàárín. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973, náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní Nàìjíríà. Síbẹ̀ àwọn àgbà ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè, wọ́n ń pe márùn-ún ní sísì, méjì ààbọ̀ sì ni tọ́rọ́. Owó náà lọ, orúkọ rẹ̀ dúró. Èdè pẹ̀lú jẹ́ àpótí àkójọ owó.

Àgbálọgbábọ̀

Ní ọdún 1928, Írẹ́láńdì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ara rẹ̀ rọ owó tuntun. Ìgbìmọ̀ tí akéwì W. B. Yeats jẹ́ alága rẹ̀ yan iṣẹ́ Percy Metcalfe, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Orí ọba kankan kò sí níbẹ̀. Háàpù ni ó wà lójú kan. Ẹranko, ẹyẹ àti ẹja sì wà lójú kejì: ẹṣin, màlúù, ajá ọdẹ, àgbébọ̀ àdìyẹ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí idẹ ọba kan ti jẹ lójú, tí ó sì ti kọ bàbà oníṣòwò kan, fi ohun tí àgbẹ̀ rẹ̀ mọ̀ sára owó rẹ̀. Títí di ọdún 2002 tí owó yúrò wọlé, àwọn kan nínú ẹranko wọ̀nyí ṣì ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Láti inú gbogbo èyí, ó hàn pé irin dára kò tó, àṣẹ ọba kò tó. Idẹ James ní àṣẹ ọba, ó ṣubú. Bàbà Wood ní ìwọ̀n, wọ́n kọ̀ ọ́. Ìwé Skọ́tláńdì kò ní wúrà lára, ó dúró. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ẹni tí ó ń tọ́jú owó ìbọn kan sínú àpótí rẹ̀ lónìí ń tọ́jú ìlérí tí wọn kò mú ṣẹ, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà gbàgbé pé ìgbà kan wà tí wọ́n ṣe é.